Orúkọ Olùkọ́ Kejì

Ní ọdún tí mo padà sí yunifásítì láti lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣèwádìí nípa kíkọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Súrùlérè. Mo rò pé ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí mo ti mọ̀ dunjú ni mo kàn fẹ́ lọ gbà. Àṣé mo ń tan ara mi jẹ ni. Ohun tí mo mọ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ohun tí wọ́n sì ń bi mí, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi.

Obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í gbóhùn sókè, tí kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ló ń kọ́ wa ní ọ̀nà ìṣèwádìí. Ó ní olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé òun máa rí, kó tó lọ wò ó. Haipọ́tísíìsì lorúkọ tí wọ́n ń pe ìyẹn. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Bí mo bá ti mọ ohun tí mo máa rí, kí ni mo tún ń lọ wá? Bí n kò bá sì mọ̀ ọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀? Mo bi ọkùnrin tó jókòó tì mí, tíṣà bíi tèmi ni, láti Múṣin. Ó ní kí n ṣáà máa dà á kọ, pé yóò yé wa bó bá yá. Títí a fi parí ẹ̀kọ́ ọdún yẹn, kò sọ fún mi bóyá ó ti yé òun.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní fáríébù, ìyẹn ohun tó lè yí padà nínú ìwádìí. Ọ̀kan gbára lé èkejì, èkejì kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọ̀kan ni ọmọ, ọ̀kan ni bàbá, kó má baà rú mi lójú. Nígbà tí ìdánwò dé, ọmọ ni mo gbé sí ipò bàbá. Orí mi dàrú débi pé bí mo bá ń gé ilá nílé, mo máa ń bi ara mi pé èwo ló gbára lé èwo, ọ̀bẹ àbí ilá.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí tiwa, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a dì í, kí wọ́n tó jẹ́ ká jáde. Mo mú kókó kan tí mo rò pé kò ní wàhálà nínú: ta ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ ni àbí àwọn ọmọ? Iṣẹ́ mi ni láti jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí n máa wo aago ọwọ́ mi, kí n máa fàmì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́ wa kìlọ̀ fún mi pé ohun tó le jù níbẹ̀ ni pé kí n ṣe bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. N kò bi í pé báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe ń wọ yàrá tí ènìyàn wà, tí yóò sì ṣe bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí n bi í.

Ilé-ìwé méjì ni mo yàn. Ti àkọ́kọ́ wà ní Súrùlérè, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń kọ́ni. Kò yọ mí lẹ́nu, kò tilẹ̀ wojú mi, mo fa àmì mi mo sì bá tèmi lọ. Ìkejì wà ní Ìwáyà, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àǹtí Àgbà, nítorí pé kò sí olùkọ́ tó pẹ́ tó o nínú ọgbà náà. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo ṣì ń gbọ̀n níwájú ọmọ. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú tí kò fi ní máa han létí. Ìparí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló fẹ́ fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó sọ fún mi pé nígbà tí ilé-ìwé wọn ṣe ayẹyẹ, tí wọ́n tẹ ìwé pẹlẹbẹ, gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé tó ti jẹ níbẹ̀ ni wọ́n tẹ orúkọ àti fọ́tò wọn síbẹ̀, títí kan èyí tí kò lò ju sáà kan lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá kọ ọ́ pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yòókù. Ó wò mí lójú.

"Èmi ni àwọn olùkọ́ yòókù," ló wí. "Ìwé tìrẹ yìí, ṣé orúkọ mi máa wà níbẹ̀?"

Mo ní yóò wà níbẹ̀, mà. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èwo ni ká gba oore lọ́wọ́ ènìyàn ká má dárúkọ rẹ̀?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi orin kí mi. Mo bọ́ sẹ́yìn lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn. Ọ̀kan wò mí, ó wo Àǹtí Àgbà, ó tún wò mí. Mo rò pé ojú mi ló ṣàjèjì sí wọn. Àǹtí Àgbà ló wá là mí lóye: òun ti kọ́ wọn pé a kì í kẹ̀yìn sí àlejò. Mo ní kí wọ́n máà dá mi lóhùn, mà, pé mi ò sí níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní kí àwọn ọmọ dìde, kí wọ́n yí bẹ́ńṣì padà, kí wọ́n kọjú sí mi.

Báyìí ni gbogbo kíláàsì ṣe kọjú sí ògiri ẹ̀yìn, tí bọ́ọ̀dù àti olùkọ́ wọn wá wà lẹ́yìn wọn. Mo yáa dìde, mo lọ sí apá òsì. Wọ́n tún yí bẹ́ńṣì. Ariwo bẹ́ńṣì lórí sìmẹ́ńtì gba gbogbo ilé, olùkọ́ kíláàsì kejì yọjú wò wá láti ojú fèrèsé. Nígbà tí a ṣe é títí, mo rí i pé ibì kan ṣoṣo ló kù: mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù, níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú ìgò mínírà kan àti bisikíìtì lórí tábìlì, bíi alága ìkówójọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣe jókòó nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dára, irọ́ ò sí. Ọmọ kan ṣe dókítà, ọmọ kan ṣe aláìsàn. Aláìsàn ní inú ń run òun, dókítà bi í pé kí ló jẹ lánàá. Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara. Mo fàmì, mo fàmì, ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo padà sílé tayọ̀tayọ̀, mo rò pé mo ti rí ohun ńlá: àwọn ọmọ Ìwáyà ń sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì ju àwọn ọmọ Súrùlérè lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ. Dókítà kan náà, aláìsàn kan náà, inú kan náà ló ń run ún. Mo rò pé àtúnyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe. Mo tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, inú rírun náà ò tíì lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wá yé mi, ojú sì tì mí pé kò tètè yé mi, nítorí pé èmi náà ní irú rẹ̀ ní Súrùlérè. Ẹ̀kọ́ àlejò ni. Kò sí tíṣà tí kò ní in: ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ti mọ̀ sórí, tí a máa ń gbé jáde bí àwọn alábẹ̀wò bá ti ìjọba dé. Tèmi dá lórí ìgbà òjò. Àwọn ọmọ tí ẹnu wọn yọ̀ máa ń bọ́ síwájú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, a ó sì ní kí àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ lọ bomi rin òdòdó. Mo yọjú wo ìta. Àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí wọ́n gbé agolo omi dání, òdòdó yẹn sì ti tutù jù.

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí fún Àǹtí Àgbà? Kó má fi ohun tó dára jù tó ní ṣe mí lálejò mọ́? Mo ròyìn fún olùkọ́ mi ní yunifásítì. Ó ní kí n máa lọ ṣáá, pé bí wọ́n bá ti mọ mí lára, wọn yóò ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ mí lára sí i ni bisikíìtì ń pọ̀ sí i. Ìwé sọ ọ̀kan, ojú mi rí òmíràn, n kò mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́ mọ́.

Òjò ló bá mi yanjú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rọ̀ débi pé mo fi bàtà sọ́wọ́ láti Yábà dé Ìwáyà. Ọ̀gá ilé-ìwé kò tíì dé. Ìdajì àwọn ọmọ ni kò wá. Dókítà kò sí níbẹ̀, aláìsàn náà kò sí níbẹ̀. Kò sì sí òdòdó tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bomi rin nínú òjò yẹn. Àwọn tó máa ń lọ bomi gan-an ló pọ̀ jù nínú kíláàsì, nítorí pé nítòsí ibẹ̀, létí omi, ni ilé wọn wà. Àǹtí Àgbà bọ́ gèlè orí rẹ̀ fún mi kí n fi nu ara, ó ní kí n jókòó síbi tó bá wù mí. Kò sí ọ̀nà láti ra mínírà. Mo lọ jókòó sẹ́yìn.

Páànù ń pariwo lórí wa, ohùn ò sì lọ jìnnà. Ó bá ní kí àwọn ọmọ kó ara wọn jọ yí tábìlì òun ká. Ó mú ọ̀rọ̀ òjò. Ó bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni omi ń ṣe nílé wọn báyìí. Wọ́n dákẹ́. Ó bi wọ́n ní Yorùbá. Àwọn kan dáhùn, àwọn kan ṣì dákẹ́. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin kan tí mo máa ń rí níta pẹ̀lú agolo omi, tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó bi í léèrè ní Ègùn, èdè àwọn apẹja etí omi.

N kò mọ̀ pé Àǹtí Àgbà gbọ́ Ègùn. Ọmọ ìlú òkè ni. Kò kúkú gbọ́ ọ dáadáa, torí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì tún un ṣe fún un, òun náà rẹ́rìn-ín, ó pè é bí wọ́n ṣe pè é. Ọmọbìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní omi ti wọ abẹ́ ilé wọn, pé bàbá òun ti so ọkọ̀ mọ́ òpó. Àǹtí Àgbà gbé e sí Yorùbá, ọmọ mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n jọ wá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ fi sọ ọ́, ọ̀kan mú okùn wá, ọ̀kan mú òpó wá. Nígbà tí gbólóhùn náà pé, ọmọbìnrin yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kólòlò, ó tún un sọ, ó sì jókòó bí ọba. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo wo ìwé mi, n kò fa àmì kan ṣoṣo.

Nígbà náà ni Àǹtí Àgbà gbójú sókè, tó rántí pé mo wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ẹni bá mọ ilé-ìwé ayé ìgbà yẹn á mọ ìdí rẹ̀: èèwọ̀ ni èdè ilé jẹ́ nínú kíláàsì. Wọ́n máa ń gbé pátákó kọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí Yorùbá, ká má tíì sọ Ègùn, ọ̀gá ilé-ìwé wọn sì le bí ojú ẹja. Àǹtí Àgbà sún mọ́ mi.

"Èyí kọ́ ni kí o kọ o," ló wí. "Dókítà àti aláìsàn ni kí o kọ. Ìyẹn ni kí o fi orúkọ mi sí."

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá olùkọ́ mi ní yunifásítì: àwọn ìwé tí àmì kún dẹ́nu, tí wọ́n jẹ́ irọ́, àti ìwé kan tó ṣófo, tó jẹ́ òótọ́. Ó ti àwọn tó kún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ti ọjọ́ òjò ni kí n kọ, bí mo ṣe rí i gan-an. Mo ní obìnrin náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n padà lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé bó ti wù kó rí, orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Orúkọ ẹnikẹ́ni kì í sí níbẹ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ lọ bá yóò máa jẹ́ Olùkọ́ Kìíní, ẹni kejì yóò máa jẹ́ Olùkọ́ Kejì.

Mo sọ fún un pé mo ti ṣèlérí. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ bá mi sọ Yorùbá láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Bí ìjọba bá rí orúkọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi Ègùn kọ́ ọmọ, tí ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn ńkọ́?" ló bi mí.

Nínú ọ́fíìsì yẹn, ọ̀rọ̀ náà yé mi kedere. Nígbà tí mo fi máa dé ibùdókọ̀ Yábà, kò yé mi mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó jalè là ń bo orúkọ rẹ̀ láṣìírí, nítorí àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹni tó ṣe dáadáa, a máa ń pè é ni, a máa ń ki í, a máa ń dárúkọ baba rẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, a sì tún wá gba èyí tó sàn jù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, a ní nítorí ire rẹ̀ ni. Mo gbìyànjú láti mọ ẹni tó ń tan ẹnì kejì rẹ̀ jẹ láàárín èmi, yunifásítì àti Àǹtí Àgbà, n kò rí i mọ̀.

Mo padà sí Ìwáyà lọ rò ó fún un. Ó tẹ́tí gbọ́ mi tán. Ó ń fi dọ́sítà nu bọ́ọ̀dù tí kò ní ohun kan lára.

"Bí kò bá ti ní orúkọ," ló wí, "kọ ohun tó bá wù ọ́."

Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá àyè ló fún mi àbí ìbínú ló fi sọ ọ́. Mo kọ ọ́. Atẹ̀wé kan ní Yábà tẹ̀ ẹ́ fún mi, wọ́n dì í, wọ́n gbà á wọlé, mo sì yege. Olùkọ́ mi sọ pé orí tí mo fi sọ̀rọ̀ ọjọ́ òjò ló gbé ìwé náà dúró. N kò rẹ́rìn-ín, n kò sì sunkún.

Àǹtí Àgbà ti fẹ̀yìn tì nígbà tí mo mú ẹ̀dà kan lọ sí ilé rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ó gbé mínírà síwájú mi, ó nu awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé náà. Mo mọ ohun tó ń wá, mo sì ń gbàdúrà kó má wá a pẹ́. Ó kọ́kọ́ bi mí pé ta ni Olùkọ́ Kìíní. Mo sọ fún un pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ní Súrùlérè. Ó ní ọmọdé ló tún wá ṣíwájú òun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí mo ṣe lọ bá wọn tẹ̀ léra ni, mà. Ó ń ṣí ìwé náà lọ.

Ó dé ibi ọ̀rọ̀ òjò. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà bó ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ láti kà. Ó ka ti ọmọbìnrin yẹn, ti ọkọ̀, ti òpó. Ó kà á tán, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó tún un kà. Mínírà mi ti gbóná lọ́wọ́ mi.

"Ṣé èmi nìyí?" ló bi mí.

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ó ní kí n fún òun ní báírò. Níbi tí mo ti kọ Olùkọ́ Kejì, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sókè rẹ̀, orúkọ àbísọ, orúkọ ilé ọkọ àti orúkọ bàbá rẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó fi máa ń kọ déètì sí bọ́ọ̀dù. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ náà. Mo sọ fún un pé wọ́n ní kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó ní àwọn wo? Ó ní ṣebí ilé òun ni ìwé yìí máa wà. Ó ń kọ ọ́ lọ ní ibi gbogbo tí Olùkọ́ Kejì ti fara hàn, títí dé ibi tí mo ti sọ pé ó fi Ègùn béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ibẹ̀ ló ti dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó kọ ọ́ tóbi.

Ó ti re ibi àgbà ń rè báyìí. Ẹ̀dà tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Tèmi wà lórí pẹpẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo jókòó sí yìí, Olùkọ́ Kejì ló ṣì wà níbẹ̀. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe mí pé kí n mú báírò kí n ṣe bí ó ti ṣe, ṣùgbọ́n n óò gbé e, n óò tún gbé e sílẹ̀, nítorí pé n kò tíì mọ ẹni tó tọ̀nà láàárín òun àti olùkọ́ mi. Mo sì tún ti kọ gbogbo èyí tán, n kò dárúkọ rẹ̀.